Ìyá Mi Nídìí Okùn Àwọ̀n

Ọkùnrin tó ń tu ọkọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ìyá mi. Ó gbé e wá sí èbúté wa ní Tòpó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dì í lọ́wọ́ mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan iyanrìn, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn ti kọjá níwájú èbúté náà ṣáájú, ìyá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bi í pé ṣé kò délé ni, ó ní òun ò mọ ibi tí òun ń lọ mọ́.

"Mo rò pé wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ mọ Màmá pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín kí ó má bàa rí ìbẹ̀rù lójú mi.

Ayé ìjọba ológun ni. Nǹkan ti le, wọ́n sì ti dá ọ̀pọ̀ wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Èmi tí mo ti kàwé dé yunifásítì, tí mo ní tábìlì àti fáànù ní ọ́fíìsì l'Ékòó, mo padà sílé ìyá mi, mò ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ imọ̀ àgbọn. Títí dòní mo ṣì máa ń gbóòórùn ilé náà bí mo bá di ojú: òróró àgbọn, ẹja yíyan, aṣọ tí atẹ́gùn òkun kò jẹ́ kó gbẹ tán. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀sán kan péré nínú ayé mi kí n padà sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa yàn, pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ó tún fi sí i. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò gbọ́ iṣẹ́ náà tán. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ Yorùbá á sọnù lẹ́nu rẹ̀, á fi Ègùn parí rẹ̀. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ láti kékeré nìyẹn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí Ègùn náà bá sọnù.

Àwa méjì ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì l'Ékòó. Ní etí òkun wa, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń gba owó oṣù kì í ṣiṣẹ́ agbára mọ́. Bí wọ́n bá rí i tó ru ẹrù, ọmọ ni wọ́n ń bú. Nítorí náà, gbàrà tí ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ ló ra àga onítìmùtìmù fún ìyá wa, ó sì ní kó fi okùn àwọ̀n sílẹ̀. Àwọn obìnrin wa máa ń bá àwọn ọkùnrin fa àwọ̀n ńlá láti inú òkun wá sí etíkun, ẹni tó bá sì fa okùn ló ń gbé ẹja lọ sílé. Ìyá mi ti wà nídìí okùn yẹn kí ó tó bí wa. Ó jókòó sórí àga, ó wà níbẹ̀ lọ́dún lọ́dún, títí ó fi di pé ó ní láti di ògiri mú kó tó lè dìde.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àgbádárìgì. Nígbà náà, aláìsàn ló ń ra òwú àti abẹ́rẹ́ dání. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò dàgbà púpọ̀. Ó bi í ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà ó ní kó dìde lórí àga láìdi nǹkan kan mú. Kò lè dìde.

"Ọ̀rọ̀ iyè la bá wá, dókítà," ni mo wí. "Kì í ṣe ti ẹsẹ̀."

"Mo gbọ́ yín, sà. Ara kan náà ni."

Ó ní kò sí oògùn tó ń dá iyè padà, bó bá tilẹ̀ wà, kò ní sí lọ́dọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n iṣan tí a kò lò ń gbẹ, ọpọlọ ẹni tó jókòó látàárọ̀ dalẹ́ náà sì ń tòògbé, pàápàá obìnrin tó ti dàgbà. Ó ní kí ìyá mi máa gbé nǹkan tó wúwo, díẹ̀díẹ̀, kó máa fi kún un. "N ò lè ṣèlérí fún yín o," ló wí. "Ó lè má yára burú. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ dúpẹ́."

Lóde òní mò ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Lọ́jọ́ yẹn mo rò pé nítorí kò ní oògùn ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà kò ní nǹkan mìíràn.

Àpótí ìdáná la fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi á jókòó lórí rẹ̀, á gbá abọ́ iyanrìn mọ́ àyà, á dìde, á tún jókòó. Èmi á na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun.

"Kí ni mo fẹ́ fi iyanrìn ṣe?" ló bi mí.

"Ẹ ṣáà gbé e, Màmá."

Obìnrin aládùúgbò wa tó ń yan ẹja dá sí i. "Ẹ bi í iye tó máa san fún yín. Ṣé ìwé tó kà nìyí?"

"Ìwé yunifásítì ni," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá kà á tán, iyanrìn ló ń kù."

Bí orúnkún rẹ̀ bá ró, èmi á sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ń dìde láìwo ọwọ́ mi. A fi garawa rọ́pò abọ́. Ní ti iyè rẹ̀, n kò lè sọ. Ọjọ́ kan á dára, lọ́jọ́ kejì ó máa bi mí ìgbà tí mo máa padà síbi iṣẹ́, kí ìrì tó gbẹ á tún bi mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo pọnmi dé, n kò rí i. Èbúté ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Kò sí ẹnì kankan lórí ọ̀sà, omi náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Mo wá sáré gba àárín àgbọn lọ sí ìhà òkun, mo sì rí i láàárín àwọn obìnrin, ó so ìró mọ́ ìdí, ó fi gìgísẹ̀ tẹ iyanrìn, ó ń fa okùn. Mo rìn lọ bá wọn.

"Ta ló pe Màmá?" ni mo bi ìyá àgbà tó ṣáájú wọn.

"Wọ́n dé, wọ́n di okùn mú. Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Kò sẹ́ni tó lè gbà á. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ tó bá ti di okùn mú kì í fi í sílẹ̀ títí àpò àwọ̀n á fi gúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í pe èèyàn kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá pe afàwọ̀n ti pe ẹja lọ. Ìròyìn ọ̀fọ̀ pàápàá ń dúró de àwọ̀n.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ju àwọ̀n, ìyá mi wà níbẹ̀. Ìròyìn náà dé Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, kí n di ẹrù Màmá. Mo mọ ibi tó ń mú un lọ: yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ń tì pa láti ìta nítorí olè, kó jókòó síbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni iyè tó kù á parí sí. Síbẹ̀, báwo ni mo ṣe máa sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń bọ́ wa pé kó má mú ìyá rẹ̀ lọ? N kò di ẹrù, n kò sì ránṣẹ́ padà.

Sátidé ìmọ́tótó ni. Àwọn sójà kò jẹ́ kí mọ́tò rìn lójú títì títí oòrùn fi mú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa dé, àwọ̀n ti wà lójú òkun. Ó gba orí iyanrìn wá, ó gbé bàtà lọ́wọ́.

"Ohun tó o fi ìyá wa ṣe nìyí?"

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wò wọ́n ná."

"Mò ń wò wọ́n. Gbogbo ayé ń wò wọ́n." Ó lọ bá a. "Màmá, ẹ fi okùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Orin Ègùn tí wọ́n fi ń fà á dákẹ́. Ìyá mi kò yíjú padà. "Ta nìyẹn? Wọn kì í pe èèyàn nídìí okùn. Bí o bá fẹ́ dúró síbẹ̀, fà á."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Wọn ò mọ̀ mí," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n Tòpó la ti tọ́ ọ, kò lè pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ju bàtà sílẹ̀, ó di okùn mú lẹ́yìn ìyá wa. Èmi náà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo di okùn mú.

A fà á títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta, àwa nídìí okùn kan, àwọn yòókù nídìí okùn kejì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìyá mi ṣàdédé gbójú sókè wo ibi tí àwọ̀n ti ń léfòó. "Ẹ̀yin ti ìwọ̀-oòrùn, ẹ rọra. Ẹ ti ń yára jù, ẹnu àwọ̀n á yí." Ìyá àgbà wò ó, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìhà kejì sì dẹwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn wò mí.

Nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, wọ́n pín ẹja. Ẹnì kan da akàn sórí ìpín ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á kúrò. "Ẹ má fún eléyìí ní akàn. Ètè rẹ̀ máa ń wú."

"Màmá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ta ni mí?"

"Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo sin ẹ̀gbọ́n mi nìkan dé èbúté. "N ò fọwọ́ sí i o," ló wí. "Màá padà wá lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n bá ṣubú sómi, ọrùn ẹ ló wà."

"Mo gbọ́."

Ó ti wọnú ọkọ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹsẹ̀ wọn ti le."

Mo bá ìyá mi nídìí iná tó ń to ẹja. "Ṣé obìnrin yẹn ti lọ?" ló bi mí.

"Obìnrin wo, Màmá?"

"Èyí tí kò fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti ń gba owó oṣù." Ó na ọwọ́ sí mi fún abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná. Mo gbé e fún un, mo ń retí kó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Kò pè é. Èmi náà kò bi í.