Sàdáákì Tí Kò Ra Iyọ̀

Mo rántí bí owó náà ṣe tutù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìsoyìgì mi ní Ogbooro. Ọkọ mi ń wa mọ́tò fún ọ̀gá sójà kan nígbà náà. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba ni, wọ́n sì kọ́kọ́ rọ owó onírin díẹ̀ wò, tí àwòrán olórí tuntun wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó rọ ti gbogbo ìlú. Ọ̀gá rẹ̀ ta á lọ́rẹ ọ̀kan. Òun ló fi ṣe sàdáákì mi, owó tí ọkọ ń san fún ìyàwó níbi yìgì.

Alfa yí i síwá sẹ́yìn. "Ṣé wọ́n ń ná an?"

Bàbá mi ní, "Wọ́n máa ná an, Alfa. Ẹ so yìgì."

Wọ́n bi mí bóyá mo gbà á. Mo ní mo gbà á, mo tún gbé imú sókè.

Sàdáákì obìnrin, tirẹ̀ ni, ọkọ kì í tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo fi í sísàlẹ̀ àpótí de ọjọ́ ìṣòro. Ìyá ọkọ mi ní kí n sin ewúrẹ́ kan tì í. Mo ní ewúrẹ́ a máa kú, owó ìjọba kì í kú. Ọlọ́gbọ́n ni mí nígbà yẹn.

Àkọ́bí wa ti ń rìn nígbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀. Ọkọ mi ò sí nílé. Mo pọ̀n ọ́n, mo fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ mi wọkọ̀ lọ sí Ṣakí, mo sì na sàdáákì mi sí ọkùnrin tó ń ta oògùn.

"Ìyá ọmọ, owó kí lèyí?"

"Owó ìjọba ni, sà."

"Ìjọba wo?"

Mo nàka sí àwòrán tó wà lára rẹ̀. Ó ní àwọn sójà mìíràn ti lé ẹni tó wà lára owó náà, wọn ò sì ná an rí. Ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo sáré lọ sọ́jà, sọ́dọ̀ oníyọ̀ kan tó mọ ìyá mi. Ó wò ó, ó ní, "Èyí ò lè ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi." Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó fún mi ní owó gidi. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ olóògùn, tí mo sọ ọmọ kalẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù.

Ọkọ mi ò bèèrè owó náà títí ó fi kú. Mo ṣì ní in. Kò dípẹtà, ó ń dán bí ọjọ́ tí mo gbà á.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n so yìgì ọmọ ọmọ mi ní Ìsẹ́yìn. Owó bébà tuntun ni wọ́n kó kalẹ̀. Mo ní kí Alfa dúró. Mo fa ọ̀kan yọ, mo ní kí wọ́n fi ra iyọ̀ wá ní ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá títì.

Bàbá ọkọ ìyàwó ní, "Màmá, ẹ ò fọkàn tán wa ni?"

"Mo fọkàn tán yín."

Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Iyọ̀ dé nínú ọ̀rá. Mo tọ́ ọ wò, mo gbé e lé itan mi.

"Ó tó, Alfa. Ẹ so yìgì."