Ẹni Tí A Kí Kẹ́yìn

Òórùn bébà gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí àdúgbò Under G. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fotokópì wà lábẹ́ yàrá tí èmi àti akẹgbẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, òun àti ti èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹyin tí wọ́n ń dín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ara wa yá gágá nígbà náà. Iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó jáde nílé ẹ̀kọ́ tí màmá mi lọ fẹ́ ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ọjà Igbó, wọ́n sì ní ká ṣe ìkànnì tí kálukú wọn, níbikíbi tó bá wà láyé, yóò ti forúkọ àti fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀.

A kó àwọn orúkọ náà sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iná tó bá lọ níbì kan má bàa dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Bí èèyàn bá ṣí ìkànnì náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á da ohun tó wà lọ́wọ́ wọn pọ̀, wọ́n á tò ó láti A dé Y, wọ́n á wá máa gbé e síwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ mẹ́wàá lójú ewé kan. Á tẹ “Tẹ̀síwájú”, mẹ́wàá mìíràn á jáde. Ta ló fẹ́ kí wọ́n da gbogbo ayé lé òun lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Lójú tèmi, iṣẹ́ náà ò lábùkù rárá.

Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn sí i tó màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan náà ni wọ́n jọ lò títí wọ́n fi jáde nílé ẹ̀kọ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ yìí lọ́kọ sí Òkè Ọya, tí wọn ò gbúròó ara wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tó ń jẹ́ nílé ọkọ, nítorí náà ojú nìkan ni màmá mi lè fi dá a mọ̀. Wọ́n ní bó bá tilẹ̀ ti hu irùngbọ̀n, àwọn á dá èjí rẹ̀ mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìpàdé ni wọ́n pè mí. Ohùn wọn ti wọlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti wo gbogbo ojú ewé tán, ọ̀rẹ́ àwọn ò sí níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ń kéde, kódà àwọn tó wà lókè òkun ti forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo wọ mọ́tò, ó di Ọ̀yọ́.

Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà lórí itan wọn. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé ti padà sínú àpótí.

“Màámi, ẹ kú ìjókòó.”

“Káàbọ̀. Mi ò lọ mọ́ o. Ta ni n ó lọ kí níbẹ̀?”

Mo ní bóyá wọ́n fo ibì kan ni. Ọ̀rọ̀ yẹn bí wọn nínú.

“Èmi tíṣà? Ẹ̀yin gan-an lẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mọ́nítọ̀ kíláàsì wa, mo rí i níbẹ̀rẹ̀, mo tún bá a pàdé níwájú. Ẹ kọ ẹyọ èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì!”

Mo gba fóònù náà wò. Lẹ́tà A ni orúkọ mọ́nítọ̀ yẹn fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi “Olóyè” ṣáájú, ó sì ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn O. Mo bi màmá mi léèrè bóyá ẹgbẹ́ sọ nǹkan kan nípa oyè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, alága ti ránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn pé kí kálukú fi oyè rẹ̀ kún orúkọ, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sára káàdì àyà. Ìwọ náà kúkú mọ àwa Yorùbá àti oyè. Kò sẹ́ni tó sinmi láàárọ̀ yẹn: ẹni yìí di Olóyè, tọ̀hún di Ìyá Ìjọ.

Mo fò dìde. “Màámi, ẹ má tíì sunkún o!”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ká ní àwọn àgbà jókòó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí ò ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan. O kí mẹ́wàá, ẹnì kan wá pè ọ́ síta. Kí o tó dé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá yẹn dìde lọ jókòó lọ́hùn-ún, àwọn yòókù sì sún dí àyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye lo há sórí, ọ̀dọ̀ ẹni ìkọkànlá lo máa lọ. Àgbà tó ti sún sí ipò kẹwàá, o ti kọjá rẹ̀ láìkí i, o sì mọ ohun tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkànnì wa ń ṣe. Gbogbo ìgbà tí màmá mi bá tẹ “Tẹ̀síwájú”, ẹ̀rọ á ka iye tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá gboyè tó bọ́ sẹ́yìn, ó ti fa ẹlòmíràn sáàárín àwọn tí a rò pé a ti rí. Ọmọ tó gbọ́n kì í ka iye. Ojú ẹni tó kí kẹ́yìn ló máa ń rántí.

Mo pe akẹgbẹ́ mi. Oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

“Má jẹ́ kí ìkànnì yẹn ka iye mọ́!” ni mo pariwo. “Ẹni tí a rí kẹ́yìn ni kó sọ fún kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Má sì fi orúkọ tò wọ́n mọ́. Nọ́mbà tí kálukú gbà nígbà tó forúkọ sílẹ̀ ni kó o lò, oyè ò lè yí ìyẹn.”

Ó gbé oúnjẹ mì, ó wá figbe ta: “Yéè! Àṣé ibẹ̀ ló wà!”

Kí oòrùn tó rọ̀ ló ní ká dán an wò. Màmá mi tún gbé awò wọn sójú, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ìka wọn dúró. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń rẹ́rìn-ín sí wa, ìborùn funfun lórí, èjí gbàgàdà lẹ́nu.

“Òun nìyí! Wo èjí! Àní òun nìyí!” Wọ́n gbá mi léjìká, ó dùn mí dénú eegun, inú mi sì ń dùn bí ẹni máa fò. Ariwo wa pọ̀ débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wá wò wá. Èmi ni mo bá wọn tẹ nọ́mbà tó wà lábẹ́ fọ́tò náà. Màmá mi dárúkọ ara wọn, ẹni tó wà lọ́hùn-ún sì ké tòò.

“Olè ṣúgà! O ò kú? Mo wá ọ títí lórí nǹkan yìí, mi ò rí ọ!”

Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ mọ́ màmá mi lẹ́nu. Wọ́n ní ṣúgà wo, ta ló jí i.

Iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá látìgbà náà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti wá ibi gbogbo, ẹni tí òun ń wá ò sí mọ́, mi kì í tètè gbà. Ọjọ́ ìpàdé yẹn ni mo máa ń rántí, nítòsí Ọjà Igbó, bí màmá mi ṣe ń kúnlẹ̀ kí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àga àkọ́kọ́, láìfo ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó ní èjí, wọ́n dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní kí wọ́n tẹ̀síwájú. Màmá mi fa àga kan, wọ́n jókòó tì í.