Omi Inú Aago Bàbá Mi

Omi ló kọ́kọ́ jáde. Bàbá Aláago ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí gíláàsì tábìlì, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sì bọ́ sílẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Kò tó ohun tí èèrà lè mu yó. Ṣùgbọ́n bàbá mi rí i, ó sì yí padà sí ìyàwó rẹ̀ kékeré tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé o rí i? Mo ní, ṣé o rí i? Dìde, kó o máa lọ sí Òkè-Ìlá, sílé bàbá rẹ."

Wọ́n ti so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà níta. Ọlọ́kadà náà kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bàbá Aláago ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin náà, n kò sì ní pè é ní orúkọ mìíràn níbí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí gáréèjì ní Ìlá. Òórùn bẹntiróòlù tó fi ń fọ irin inú aago ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn, obì tó ń jẹ á tẹ̀ lé e. Aago ara ògiri rẹ̀ á tó ogún, kò sì sí méjì tí wọ́n jọ ń sọ ohun kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú bèèrè pé aago mélòó ló lù, á ní, "Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ gbọ́?" Tó bá ń ṣiṣẹ́, á ki awò kékeré kan bọ ojú ọ̀tún, á di ojú òsì, á sì máa rọra mí kí èémí rẹ̀ má baà gbé nọ́ọ̀tì tí kò tó ẹyọ ọkà bàbà lọ.

Aago bàbá mi kì í ṣe aago lásán. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n àlòkù olówó ńlá. Ilẹ̀ Súwísì ni wọ́n ti ṣe é, wúrà ni wọ́n fi bò ó, kò sì lo bátìrì. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń jùwọ́ ló ń wáìn ara rẹ̀. Ọ̀gá kan tó ti òkè òkun dé ló tà á fún un ní Ìlọrin. Mọ́tò mẹ́ta ni bàbá mi ní lójú ọ̀nà, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta kò yẹ kó máa bèèrè àkókò lọ́wọ́ èrò.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, Bàbá Aláago ti tú aago náà palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi òróró sí i. Ó fi abẹ́rẹ́ fa àmì tirẹ̀ sínú ìdérí ẹ̀yìn, bó ti ń ṣe fún gbogbo aago tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó sì fún bàbá mi ní garantí ọdún kan. Garantí náà kò ní ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: "Bó bá dúró fúnra rẹ̀, tèmi ni. Bí omi bá wọ̀ ọ́, tiyín ni." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìlá.

Nílé wa, ìyàwó tí oúnjẹ bá kàn ló máa ń gbé búta omi àlùwàlá fún bàbá mi. Òun náà ló máa ń gba aago, á dì í mú títí tí ọkọ rẹ̀ á fi fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ tí oúnjẹ kan Ìyá Kékeré ni gíláàsì aago náà ṣú bí ẹni pé kùrukùru bò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Bàbá mi ní ó wọ̀ ọ́ lọ pọn omi ní kànga láti ṣe fáàrí. Ó fi Kùránì búra pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ ìyáálé, ń gbálẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Bàbá mi wá ní kí a lọ ṣí aago náà níṣojú gbogbo wa. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìgbéyàwó tán.

Omi sì wà nínú rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ ní sùúrù díẹ̀," ni Bàbá Aláago wí.

"Sùúrù kí ni, Bàbá? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́: bí omi bá wọ̀ ọ́, kì í ṣe tiyín mọ́."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ na ọrùn wọlé. "Ìyàwó, àwa tá a ti bí ọmọ mẹ́jọ fún ọkọ ò tíì wọ aago wọn rí o. Ojú ń kán ẹ!"

Ìyá Kékeré fi etí ìborùn nu ojú. Ó ti sunkún títí, ohùn rẹ̀ ti há.

Bàbá Aláago tún ki awò bọ ojú. Ó fi orí abẹ́rẹ́ tọ etí ìdérí náà yíká, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró. Ó fa dúróà, ó gbé agolo kan jáde tí bébà kíká kún inú rẹ̀, orúkọ oníbàárà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tú èyí tó ní orúkọ bàbá mi. Òrùka rọ́bà dúdú kan ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ.

Ó lè ká bébà náà padà. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí rọ́bà náà ń ṣe nínú gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀.

Ó yọ awò kúrò lójú. "Àlàájì, ohun tó ń dí omi lọ́nà rèé. Mo yọ ọ́ nígbà tí mo ń fọ aago yín, mi ò dá a padà. Oṣù mẹ́rin ni aago yín fi wà láìnílẹ̀kùn. Òógùn ọwọ́ yín nìkan tó láti pa á. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó jáde síwájú ìyàwó náà, ọkùnrin tó dàgbà ju bàbá tó bí bàbá mi lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Yéè! Bàbá!" Ìyá Kékeré fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ dìde! Ẹ má pa mí, mi ò tíì bímọ!"

"Ẹ gbé wọn dìde!" Ọṣẹ ti dà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ gbogbo aago ara ògiri.

"Díẹ̀ ló kù kí n lé ọ kúrò nílé ọkọ rẹ," ni arúgbó náà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Dárí jì mí."

Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà sọ pé òun jẹ̀bi rí, ká má tilẹ̀ wá sọ pé ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Mo rò pé nǹkan kan máa já lulẹ̀ láti òkè. Mo wo bàbá mi. Ó wúkọ́.

"Ẹ tún un ṣe, Bàbá. A ó padà wá lọ́jọ́rú."

Ìyàwó náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú àpò rẹ̀ lára ọ̀kadà, ó gbé e rù, ó sì tẹ̀ lé wa. Bí a ti kọjá mọ́ṣáláṣí, bàbá mi yíjú sí i.

"Ṣé iṣu ṣì wà nílé?"

"Ó wà, Àlàájì."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Aláago tún aago náà ṣe, ó sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wá kó aago wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gbàgbé rọ́bà kan á gbàgbé méjì. Ògiri rẹ̀ ṣófo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ títí tó fi kú. Mi ò gbọ́ kó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó tèmi kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ọdún kan wà tí mo ní ó gbá ìwé ilẹ̀ wa dànù mọ́ pàǹtí. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí i, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá rí ìwé náà nínú búùtù ọkọ̀ mi, níbi tí mo fọwọ́ ara mi gbé e sí. Lọ́jọ́ kejì mo ra aṣọ kan fún un. Mi ò sọ ohun tí aṣọ náà wà fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún mọ́kànlá la tún fi jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo sì mọ̀ pé kì í pani. Mi ò ṣe é. Aṣọ náà wà lára ẹrù tí àwọn àbúrò rẹ̀ wá dì lọ. Mo bá wọn so ẹrù náà.