Àpótí tí Ọ̀rẹ́ Màámi Wà Nínú Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa lójú tí a fi ń wòran àti etí tí a fi ń gbọ́ràn, tí kò sì gbà wọ́n padà nígbà tí a ṣì wọ́n lò. Alhamdulillahi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí ìwà òmùgọ̀ tí mo hù nínú ìtàn yìí ju ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ.

Mo rántí ìgbà tí dikódà tó ń gba ètò sílẹ̀ kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ìbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-kéwú nígbà náà, ọjà Alábà ni mo sì ti rà á. Bí o bá tẹ bọ́tìnì pupa, á gba ohun tó ń lọ lọ́wọ́ sílẹ̀. O lè wò ó lọ́la, o lè wò ó lẹ́ẹ̀mìíràn. Mo gbéra ga débi pé bí àlejò bá dé, kí n tó fún un lómi, màá ti bi í pé, "Ṣé kí n dá ìròyìn àná padà fún yín?" Kò sẹ́ni tó béèrè àná lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ń dá a padà.

Ohun kan ṣoṣo tó níye lórí nínú àpótí náà jẹ́ ti màámi. Wọ́n ti fi Àsàlátù àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n rí, mo sì gbà á sílẹ̀. Ìyá Àdínnì, ọ̀rẹ́ màámi láti ìgbà ọmọge, ló ń lé wákà. Màámi ló ń gbè. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Àdínnì jáde láyé. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sunday tí màámi bá ti Àsàlátù dé, á jókòó, á ní, "Pe ọ̀rẹ́ mi wá fún mi." Màá tẹ bọ́tìnì. Ìyá Àdínnì á lé, màámi inú tẹlifíṣọ̀n á gbè, màámi orí àga náà á gbè.

Díìṣì wa tó wà lórí òrùlé kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá lọ́dọ̀ wa bá béèrè ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun, àwọn ará ilé á ní kó wo díìṣì Alfa, ìyẹn èmi.

Àfi bí ìkànnì púpọ̀ ṣe ṣókùnkùn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ku mẹ́ta péré. Mo ní díìṣì ti yẹ̀ kúrò ní gábàsí nìyẹn. Mo gun àkàbà, mo mú kọ́ńpáàsì tí wọ́n rán mọ́ ẹní ìkírun mi dání, mo ní Bismillahi, mo yí díìṣì títí ó fi kọjú sí Mẹ́kà gan-an. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mẹ́ta tó kù náà ti lọ.

Oníṣẹ́ díìṣì tí mo pè láti Okokomaiko wòkè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, sátẹ́láìtì ò sí ní Mẹ́kà o! Àbí ẹ fẹ́ kó kírun ni?"

Ó dá a padà, mẹ́ta náà sì dé, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ṣì ṣókùnkùn. Ó ní díìṣì ò jẹ̀bi. Àwọn tó ń gbé àwòrán jáde ti yí bí wọ́n ṣe ń dì í padà. Dikódà wa ti pẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹrù tuntun náà. Mo ní irọ́ ni, àwòrán ni àwòrán. Mo ń jiyàn lọ ni màámi fi dá sí i.

"Ìwọ tó kàwé ni kò yé? Bí wọ́n bá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, màá kà á já. Bí wọ́n bá fi ABD kọ ọ̀rọ̀ kan náà, mo di afọ́jú. Ọ̀rọ̀ ò yí padà, lẹ́tà ló yí. Dikódà wa ò lọ sílé-ìwé ABD, ó tán."

"Háà, Àlájà! Ẹ wá bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù o," ni oníṣẹ́ díìṣì wí.

Ó gbé dikódà tuntun wá lọ́jọ́ kejì. Àṣà wọn ni pé wọ́n á gba ògbólógbòó kún tuntun. Mo yọ wáyà ògbólógbòó náà, mo tì í bọ inú báàgì ọkùnrin náà. "Ẹ gbé e lọ, kò wúlò mọ́."

Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tí màámi ní, "Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní tuntun á pè é. Mo tẹ bọ́tìnì, mo tún un tẹ̀. Òfìfo. Oníṣẹ́ díìṣì họrí. "Àlájà, ohun tí dikódà bá gbà sílẹ̀, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí èyí bá dé ṣọ́ọ̀bù, ńṣe la máa nu inú rẹ̀ mọ́."

Màámi dìde, ó rọra bọ́ báàgì kúrò léjìká ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ fún mi."

Mo dá wáyà ògbólógbòó padà. Bí kò bá lè ka ti ojú ọ̀run mọ́, ṣé á ka ti inú ara rẹ̀? Mo tẹ bọ́tìnì. Ìyá Àdínnì lé.

"Ohun tó ti há sórí," ni màámi wí, "ta ló fẹ́ gbà á?" Ó sì gbè.

Dikódà méjì ló wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa lónìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tuntun ń mú gbogbo ayé wá. Ògbólógbòó ò mọ̀ ju wákà kan lọ, òun la sì ń nu eruku ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohùn màámi ti rẹlẹ̀, nítorí náà èmi náà ti ń bá a gbè. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kírun sí sátẹ́láìtì, Ọlọ́run tó mọ èrò ọkàn á gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹní mi ni mo fi ń júwe gábàsí báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, bí ayé bá yí lẹ́tà rẹ̀ padà, Ọlọ́run á fún yín lójú tí ẹ ó fi kà á. Ohùn ẹni tí ẹ fẹ́ràn ò sì ní bọ́ sínú báàgì ẹlòmíràn mọ́ yín lọ́wọ́. Àmín.