Wàláà Tí Áfáà Hámádì Fi Sílẹ̀

Bábíkìr kò sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó wà lára àwọn tó fi ibùsùn gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Ó padà sílé, ó jókòó lórí ẹní láàárín àwọn tó wá kí wọn, ó ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

"Ọkàn ọmọ yìí le," ni àbúrò bàbá rẹ̀ wí.

Ọkàn náà kò le. Kò kàn sí nílé ni.

Inú ilé kéú ni wọ́n bí i sí, ní Omdurman, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo àwọn apẹja láti odò. Áfáà Hámádì bàbá rẹ̀ ló ni ilé kéú náà. Kí Bábíkìr tó mọ bí a ṣe ń so okùn ṣòkòtò ló ti mọ bí a ṣe ń po tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé: dúdú ìdí ìkòkò, oje igi, omi díẹ̀. A ó fi gègé kọ súúrà sára pátákó wàláà, a ó há a sórí, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún kọ òmíràn. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ kì í lọ sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú rẹ̀. Hàǹtú ni. Aláìsàn ni wọ́n ń fún mu, tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ dì mú. Sítánà ìyá rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín álífù àti igi ìdáná, ṣùgbọ́n òun ló ń bu omi náà fún gbogbo àdúgbò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lọ nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ní Khartoum, ṣùgbọ́n wọ́n fi orí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Orí ẹfun ni, orí ọkùnrin òyìnbó kan tí imú rẹ̀ ti kán. Odindi ọdún kan ni Bábíkìr fi ń ya orí yìí. Ó mọ̀ ọ́n ju ojú ìyá rẹ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ kan tí olùkọ́ kan, Ọ̀gá Muzámílù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, da aṣọ bo orí náà.

"Kí lẹ mọ̀ kí ẹ tó mọ onímú kíkán yìí?"

Bábíkìr ní, "Wàláà."

"Ya ìyẹn."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó na álífù títí ó fi di igi. Ó tẹ núùnù títí ó fi di ọkọ̀ ojú omi. Ó tú àwọn yòókù ká bí ẹyẹ tí wọ́n lé kúrò lóko bàbà. Tí èèyàn bá fẹ́ kà wọ́n, kò ní rí ọ̀rọ̀ kankan kà.

"Ọmọ Áfáà," ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí, "àwọn lẹ́tà rẹ ti mutí."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni ó ń dá wọn lóhùn. "Ìyàwó ni wọ́n ń gbé lọ."

Áfáà Hámádì wo ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó fojú sún mọ́ ọn.

"Ta ló ń bọ́ álífù yìí? Ó ti sanra jù."

"Bàbá, kì í ṣe fún kíkà."

"Mo rí i. Kí ló wá wà fún?"

Bàbá náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Tí o bá mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi."

Èsì kò tíì dé tí ibà fi pa bàbá náà.

Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù, Bábíkìr ní wàláà bàbá òun ni òun fẹ́, kí wọ́n máa pín ìyókù. Kò fọwọ́ kan gègé mọ́ láti ìgbà ìsìnkú. Ọ̀gá Muzámílù ránṣẹ́ sí i pé ìpàtẹ àwòrán yóò ṣí ní Khartoum lọ́jọ́ Sátidé, pé òun ti kan ìṣó kan mọ́ ògiri dè é. Kó mú ohunkóhun wá.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ṣí ìgò tàdáwà tí bàbá rẹ̀ ṣẹ́kù, ó sì ya àwòrán sára wàláà náà. Kò ronú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tó parí, ó wò ó, ó rí i pé ohun kan ti yí nínú òun díẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó kú fẹ́ jí. Ó fi í ti ògiri kó gbẹ, ó lọ wá okùn tí yóò fi gbé e kọ́.

Nínú yàrá, ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní opó nínú aṣọ funfun. Kò fẹ́ jẹun. Alhaja Bákítà aládùúgbò wọn kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ àti kísírà, búrẹ́dì bàbà pẹlẹbẹ, síwájú rẹ̀.

"Sítánà, ṣé kí a má wulẹ̀ ká ẹní òkú nílẹ̀ mọ́, kí a máa retí tìrẹ?"

"Gbé kísírà rẹ fún ológbò."

"Ológbò ti yó. Ìwọ ló kù."

Nígbà tí Bábíkìr padà dé, wàláà wà lórí àtẹ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ̀ ń fi kísírà nu ìsàlẹ̀ àwo ọbẹ̀.

"Ọmọ mi, ọbẹ̀ ti tán o," ni Alhaja Bákítà wí. "Ìyá rẹ kò ṣẹ́ nǹkan kù."

"Mo rí wàláà bàbá rẹ," ni Sítánà wí. "Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára rẹ̀. Mo ní o kọ hàǹtú fún mi, o kò sì sọ. Mo mu ún. Ikùn mi ṣí." Ó nu ẹnu. "Súúrà wo ni? O máa tún un kọ fún mi lọ́la."

Bábíkìr wo wàláà. Ó wo àwo. Tó bá pè é ní súúrà Yásínì, ìyá òun á jẹun lọ́la. Tó bá sọ òótọ́, bóyá kò ní jẹun mọ́.

"Kì í ṣe súúrà, Ìyá. Àwòrán ni."

Alhaja Bákítà gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Orúkọ Ọlọ́run ńkọ́?" ni Sítánà bi í.

"Kò sí níbẹ̀."

"Mo wá mu àwòrán."

"Ẹ mu ún."

Sítánà fi ahọ́n tọ́ ètè rẹ̀ wò. "Ó korò bíi ti bàbá rẹ."

"Ìgò rẹ̀ ni mo lò."

Sítánà fi ẹsẹ̀ ti àtẹ sí iwájú ọmọ rẹ̀. "Kọ èyí tó ní orúkọ Ọlọ́run."

Bábíkìr wo oòrùn. Tó bá dìde báyìí, yóò ráyè ya òmíràn kí ọkọ̀ tó lọ sí Khartoum. Ó jókòó. Ó kọ súúrà Fàtíà. Ìlà àkọ́kọ́ dúró ṣinṣin bíi ti bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, àwọn lẹ́tà ti ń tẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́.

"Wọ́n ti ń jó," ni Alhaja Bákítà wí.

"Jẹ́ kí wọ́n jó," ni Sítánà wí. "Ṣé ó ṣeé kà?"

Ó kà á fún wọn. Nígbà tí ó dé àárín, ohùn rẹ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó rán an létí. Ó kà á tán.

Sítánà bu omi sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀. Ó mu ún. Ó ní kí Bákítà lọ wo ìkòkò bóyá nǹkan ṣì kù níbẹ̀.

Bábíkìr gbé wàláà jáde sí oòrùn. Wọ́n pe ìrun alásárì. Ìpàtẹ yóò ti ṣí. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń gbẹ. Tàdáwà díẹ̀ ṣì kù ní eteetí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò dé.