Ọkọ Mi Tí Ó Ń Gbaná Nílé Àna

Ó dìgbà o, olówó orí mi, Bàbá Bọ́sẹ̀! Ẹ̀yin tí mọ́tò yín kì í dún kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ tún lọ bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ikú dá mi lóró. Ṣùgbọ́n ẹ ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ kọ irọ́ sínú ìwé ìsìnkú yín, nítorí náà òótọ́ ni n ó kọ.

Tíṣà ni yín, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tòótọ́, ọlọ́pọlọ pípé tí kò lè rí nọ́ọ̀tì kó má tú u. Títú yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wá kí ìyá mi ní Òṣú, ẹ tú rédíò tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ni àna tuntun. Ẹ tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín. Rédíò náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá náà kò bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Fún ọdún mọ́kànlá, bí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Hùn" ni wọ́n fi ń dá yín lóhùn. Èmi ni mo wà láàárín, tí mò ń sunkún ní kọ̀rọ̀: ìyá kan ṣoṣo, ọkọ kan ṣoṣo.

Epo wá wọ́n lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò. Bí kálukú ṣe ń to ìlà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀yin yọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìjàpá yín dànù, ẹ fi ẹ́ńjìnnì oníná tí ẹ tú lára ẹ̀rọ agbẹ́rù àlòkù kan rọ́pò rẹ̀, ẹ to bátìrì tírélà mẹ́jọ sẹ́yìn. Àdúgbò rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Omi bátìrì sọ gbogbo ṣòkòtò yín di ajere. Bí a bá dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, jọ̀ọ́, bọ́ sílẹ̀ díẹ̀." N ó wá máa fi gèlè ìsìn gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ọkọ mi, àwọn èèyàn á máa bi mí pé ṣé a jà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí ọkọ̀ lọ́nà, mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá láti Iléṣà níbí lọ sí Òṣú. Ẹ ní ẹ ó gbé e lé ẹnu ọ̀nà, ẹ ó yí padà. Ẹnu ọ̀nà náà ni iná bátìrì tán sí. Ẹ na wáyà gba ojú fèrèsé wọlé kí bátìrì lè gbaná, ẹ sì jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àna kì í jókòó nílé ẹni kí ebi máa pa á: Màmá gúnyán, wọ́n gbé e síwájú yín, wọn ò sọ̀rọ̀. Sátidé kejì, bákan náà. Ní Sátidé kẹta, wọ́n wo wáyà, wọ́n wò yín, wọ́n ní, "Ṣé ó ti kún?" Bí ìkòkò omi ni wọ́n rò pé bátìrì rí. Ẹ ní, "Kò tíì kún, Màmá." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ yín lórúkọ: Òṣómàáló Oníná. Wọ́n ní àwọn baba wa lóṣòó nítorí gbèsè aṣọ, ẹ̀yin lóṣòó nítorí iná. Bí iná bá lọ, ẹ ó sùn síbẹ̀; Màmá á máa dúpẹ́ pé òkùnkùn ṣú. Bí mo bá wá fẹjọ́ yín sùn, èmi ni wọ́n ń bá wí. Rédíò náà kò tíì sọ̀rọ̀ títí dòní, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀ mọ́.

Epo pọ̀ padà, ẹ ò padà sídìí epo. Ẹ ra bátìrì tuntun, síbẹ̀ gbogbo Sátidé ni ẹ ń jókòó ní Òṣú. Orí ibùsùn àìsàn ni ẹ ti jẹ́wọ́ fún mi pé bátìrì tuntun náà lè lọ kó bọ̀ láìgba iná rárá. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ń na wáyà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Màmá á bi mí bóyá ó ti kún. Mi ò fẹ́ kó kún."

Màmá ò sí níbí lónìí, nítorí àgbà kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, ọmọ ni wọ́n sì ń pè yín. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, mo bá wáyà yín lójú fèrèsé wọn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti nà án síta, wọn ò sì jẹ́ kí n ká a.

Ó ti kún o, ọkọ mi. Ẹ yọ wáyà. Ẹ sùn re o.