Ojú Àlàájà Nínú Ilé Opó

Òórùn méjì ló máa ń pàdé lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Festac nígbà yẹn. Ọ̀kan ni tùràrí tí wọ́n ń jó ní fúláàtì òkè. Èkejì ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó máa ń bá aṣọ Àlàájì, baálé fúláàtì òkè náà, wálé láti Trade Fair, níbi tí wọ́n ti ń ta sípéà páàtì mọ́tò. Bí o bá ti gbé irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ rí, wàá mọ̀ pé imú ló máa ń kọ́kọ́ sọ ẹni tó ti wọlé fún èèyàn. Lẹ́yìn tí Àlàájì kú, òórùn ọ́ìlì náà lọ díẹ̀díẹ̀, tùràrí nìkan ló kù. Mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn nígbà mìíràn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ẹni pé mò ń retí ẹnì kan.

Ìyàwó wọn, Àlàájà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, bíi ti ọkọ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mazamaza tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, tíì àti bisikíìtì. Èmi àti òun kò ju ara wa lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Àǹtí Ìsàlẹ̀ ló ń pè mí, nítorí fúláàtì ìsàlẹ̀ ni mò ń gbé, èyí tí bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, fi sílẹ̀ fún wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwa, mọ́sáláṣí ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ ojú ló so wá pọ̀.

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní gilaukómà ló fọ́ ojú bàbá mi, a kò sì mọ̀ títí ó fi bọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tí ń kàwé nípa ojú bí àwọn mìíràn ṣe ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fóònù mi, àti àwọn nọ́ọ̀sì tí mo máa ń da ìbéèrè bò, ni olùkọ́ mi. Mo mọ̀ pé omi kan wà nínú ẹyinjú tí ara ń ṣe lójoojúmọ́, tó sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn jáde ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ibi tí dúdú ojú ti pàdé funfun. Bí ọ̀nà náà kò bá gbà á dáadáa, omi á máa fún inú ojú mọ́, á sì máa pa iṣan tí ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Etí ìríran ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Kì í dunni rárá. Ìyẹn ni mo kórìíra jù nínú rẹ̀: ohun tó ń fọ́ ojú, tí ojú kò sì ké.

Nítorí náà, nígbà tí Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ti ń gùn láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ń kọjá lára ẹni tó bá kí i láti apá òsì láìdáhùn, àwọn ará búlọ́ọ̀kù ní ìgbéraga ni. Èmi ní kó lọ sílé ìwòsàn ojú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti ọ̀tún ṣì dára. Dókítà fún un ní oògùn kan tí wọ́n ń kán sójú lálaalẹ́, ó sì ní kó máa padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, kí wọ́n lè máa wọn bí omi inú ojú ṣe ń le sí.

Àlàájì ló máa ń wa mọ́tò gbé e lọ, èmi náà á sì bá wọn lọ, nítorí mo fẹ́ràn ẹ̀rọ kan tó wà níbẹ̀. Àwo funfun ńlá ni, ó jìn bí igbá. Wàá gbé àgbọ̀n lé e, wàá tẹjú mọ́ àárín, bọ́tìnnì á wà lọ́wọ́ rẹ. Iná kéékèèké tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ á máa tàn níbí, á máa tàn lọ́hùn-ún, wàá sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí o bá rí ọ̀kan. Àlàájì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àǹtí Ìsàlẹ̀, ṣé kí n bá yín béèrè bóyá wọ́n máa tà á?" Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, Àlàájì fúnra wọn ni wọ́n máa ń kán oògùn náà. Àlàájà á gbórí lé ẹ̀yìn àga, ọkọ rẹ̀ á wí Bísímílà, á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀ rí, mo sì rò ó pé nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú Àlàájì lọ. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí, Àlàájà sì bọ́ sínú opó. Bí o kò bá mọ bí ti àwọn Mùsùlùmí ṣe rí: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin fi ń wà nílé ọkọ rẹ̀. Kì í jáde àyàfi tó bá di dandan, kì í fín lọ́fínńdà, kì í wọ góòlù, kì í lé tìróò. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìsẹ́yìn, wá láti ilé láti bá a gbé. Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ń po ẹ̀kọ fún un láàárọ̀, wọ́n ń jókòó tì í bó bá ń fa tẹ̀sùbáà, bí ẹkún bá sì dé, wọ́n á jọ sun ún ni.

Ọjọ́ tí dókítà dá fún Àlàájà bọ́ sí àárín opó náà. Mo gòkè lọ rán an létí.

"Níbo lẹ fẹ́ gbé opó lọ?" Ìyá Ìsẹ́yìn bi mí kí Àlàájà tó la ẹnu.

"Ilé ìwòsàn ni, Mà. Nítorí ojú wọn ni."

"Dókítà Fóònù! Ẹ bá wa tẹ fóònù yẹn, kó sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń ṣe opó."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan Àlàájà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn, bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Àǹtí Ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ ná," ló wí. Mo bi í bóyá oògùn ṣì wà nílẹ̀, ó ní ó wà. Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Mo sọ fún ara mi pé bí oògùn bá ṣáà ń wọ ojú, àyẹ̀wò lè dúró díẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ra ìgò tuntun fún un, nítorí mo mọ̀ pé ìgò kan kì í pẹ́ ju oṣù kan lọ. Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ sí. Mo ṣí fíríìjì wọn, mo sì rí ìgò tí Àlàájì rà gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike omi. Ọ̀rá tí wọ́n fi dè é lọ́rùn láti ilé iṣẹ́ kò tíì já.

"Àlàájà, oògùn yìí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ṣebí mo sọ fún yín pé ó wà."

"Ẹ ò kán an?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ṣé opó máa ń fi nǹkan sójú ni? Wọ́n ti kọ́ wa ní àsàlátù. Opó ò gbọdọ̀ lé tìróò, bí ojú bá tiẹ̀ ń dùn ún. Èmi, ojú mi ò sì dùn mí."

Ojú mi ò sì dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: omi inú ojú, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan. Mo fi ìka ya ẹyinjú sórí aṣọ tábìlì. Ìyá Ìsẹ́yìn fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, wọn kò já lù mí lẹ́ẹ̀kan.

"Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, mo gbọ́," wọ́n wí. "Ṣé oògùn yìí kì í kun ojú?"

"Kì í kun ojú, Mà."

"Ẹ ò rí irun ìpéǹpéjú ẹ̀ nígbà tó ń lò ó? Ó gùn, ó dúdú kirimú, bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín! Èmi ni mo bi í nígbà Iléyá pé irú tìróò wo ló ń lé."

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Oògùn náà máa ń mú irun ìpéǹpéjú gùn, kó sì dúdú. Mo ti kà á. Inú mi tilẹ̀ dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lójú Àlàájà pé ohun tí mo kà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Báyìí, ìmọ̀ tí mò ń fi yangàn ti di ẹ̀rí lẹ́yìn ìyá náà.

"Àǹtí Ìsàlẹ̀," Àlàájà wí, "ọkùnrin yẹn ṣe ọkọ fún mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mò ń ṣoge sórí òkú ẹ̀."

"Ojú kan tó kù fún yín ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló ni ín."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ju èmi lọ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo wé gèlè mi dáadáa, mo lọ dúró níta mọ́sáláṣí àdúgbò wa títí Àfáà fi jáde. Mo ròyìn oògùn náà fún un, mo rò pé á wàásù fún mi. Ìbéèrè ló ń bi mí.

"Ṣé ó ní àwọ̀?"

"Kò ní. Bí omi ló rí."

"Ṣé ó ń ta sánsán?"

"Rárá o."

"Bí wọn ò bá kán an ńkọ́?"

"Ojú á fọ́, Àfáà. Ẹyọ kan ló sì kù."

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ wọn ní àsàlátù yẹn," ló wí.

Kò dúró mu omi. Ó bá mi wálé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kọ́tìnnì wà láàárín òun àti àwọn obìnrin. "Àlàájà, tìróò tí mo sọ, ọ̀ṣọ́ ni mò ń sọ. Oògùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn tiyín yìí, dandan ni. Ẹ lọ lójú ọ̀sán, kẹ́ ẹ padà wá sùn sílé yín, opó yín ò bàjẹ́."

"Àfáà," Ìyá Ìsẹ́yìn wí, "ṣé kì í ṣe pé Èkó ti mú yín rọ̀?"

"Ìyá, Ìsẹ́yìn yín náà ni mo ti kéwú. Ojú ẹgba ṣì wà lẹ́yìn mi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àlàájà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó dáa. Ta ló máa wá kán an?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òfin nìkan kọ́ ló gbé oògùn náà pamọ́ sínú fíríìjì. Ọwọ́ kan ló ti ń kán an láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà sì ti wọlẹ̀. Ìyá Ìsẹ́yìn ló dìde. Wọ́n lọ fọ ọwọ́ bí ẹni fẹ́ kírun, wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi. "Ìyàwó mi, gbórí sẹ́yìn." Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n nù ún kúrò, wọ́n wí Bísímílà, wọ́n sì tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la lọ sílé ìwòsàn. Àfáà ló bá wa wá ẹni tó ní mọ́tò. Títí a fi kọjá Mile 2, pẹ̀lú gbogbo ariwo ibẹ̀, Àlàájà kò gbójú sókè wo ìta, kó má bàa dà bíi pé ó ń gbafẹ́. Wọ́n gbé e jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí iná inú àwo náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń dún fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, mo sì ti mọ bí a ṣe ń fetí sí i. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ bá dún, bọ́tìnnì á dáhùn. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ń dún, ó ń dún, bọ́tìnnì dákẹ́. Ìyá Ìsẹ́yìn fọwọ́ kàn mí. "Ṣé ó ti sùn lọ ni?"

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, rọra sọ fún wa pé èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù la máa dáàbò bò. "Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa látìgbà yìí pé ẹ ò kán oògùn?"

"Ọmọ mi," Àlàájà wí, "ẹ bi mí bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ bi mí bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ò bi mí bóyá mo ní ẹ̀sìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi mí ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn rí ìtọ́jú, ọ̀nà jíjìn àti àìlówó ni mo máa kà. Báyìí mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kó ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àfáà, kí èèyàn sì jókòó sáàárín méjèèjì títí ojú á fi lọ, nítorí gbogbo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ rò pé ẹlòmíràn ti bi í. Kò sí èèyàn burúkú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti wá a títí, nítorí ì bá fún mi ní ìsinmi bí mo bá rí ọ̀kan.

Àlàájà parí opó rẹ̀ pé pérépéré. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n bí ẹni ń yọjú láti inú ihò kékeré lára ògiri ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wọn bá pàdánù ọkọ, òun wà lára àwọn tó máa ń tètè dé ibẹ̀. Mo sìn ín lọ rí, mo jókòó sídìí ògiri. Ó kí opó náà, ó ṣàdúrà fún òkú, lẹ́yìn náà ló fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Oògùn wo lò ń lò? Ta ló sì ń bá ẹ lò ó?" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àlàájà rọra ń yí orí, sọ́tùn-ún, sósì, ó ń wá ojú opó náà.